Ọmọ Tó Mọ Ènìyàn Kí Jù ní Odode

Ní oṣù tó kọjá, ọmọbìnrin kan ní àdúgbò wa, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìdánwò àṣejáde girama, wá bá mi nílé. Ó ní àwọn òbí òun fẹ́ kí òun lọ ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, òun ò sì mọ̀ bóyá kí òun gbà. "Màmá Nọ́ọ̀sì, ṣé iṣẹ́ yẹn dáa?" Ó rò pé màá sọ pé bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí òun máa bá tòun lọ. Mo ní kó wá ibi jókòó. Kó tó dìde, iṣu tí mo gbé kaná ti jó kan ìdí ìkòkò. Nítorí rẹ̀ àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni mo ṣe ń kọ èyí sílẹ̀, kí n má baà tún jó iṣu mìíràn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti owó, ká lè kúrò níbẹ̀. Ìjọba ló gbà mí síṣẹ́, ìjọba ló san owó oṣù mi fún ọdún márùndínlógójì. Nígbà mìíràn ó máa ń tètè dé, nígbà mìíràn á sùn sọ́nà. Mo fi tọ́ ọmọ mẹ́ta. Ó tán.

Láti kékeré ni wọ́n ti ń pè mí ní alátojúbọ̀. Bí adìẹ bá ń yé, mo fẹ́ mọ bó ṣe ń ṣe é. Bí bàbá mi bá ń fọ́ kòkó, mo fẹ́ mọ ìdí tí omi ara kóró rẹ̀ fi ń dùn tí kóró fúnra rẹ̀ sì korò. Màmá mi ní ẹnu mi ni yóò kó bá mi lọ́jọ́ kan. Àgbà kan ní ìjọ Aládùúrà wa ló gbà mí sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ fi í sílẹ̀ o jàre. Abéèrè kì í ṣìnà." Mo di ọ̀rọ̀ yẹn mú gírígírí. Ẹnikẹ́ni tó bá ti ní kí n dákẹ́, màá ní bàbá ìjọ ló ní kí n máa béèrè. Báyìí ni mo ṣe béèrè ọ̀rọ̀ títí wọ́n fi gbà mí sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì.

Àmọ́ ilé ẹ̀kọ́ kọ́ ló kọ́ mi níṣẹ́. Mátírọ́ọ̀nù tí mo kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀ ni. Obìnrin gbọọrọ kan ni, tí kì í rẹ́rìn-ín kó tó di ọ̀sán. Ní ọjọ́ kejì tí mo dé, ó mú mi dúró níwájú ọmọ ọwọ́ kan. Ó ní, "Kí lo rí?"

Mo ní, "Ibà ni, Mà."

"Mo ní, kí lo rí?"

"Ọmọ náà ní ibà, Mà."

Ó gba ìwé ọwọ́ mi, ó ní kí n lọ nu fèrèsé. Fèrèsé mẹ́rìnlá ló wà ní wọ́ọ̀dù yẹn, mo nu gbogbo rẹ̀. Nígbà tí mo padà dé, ó tún bi mí. Mo wo ọmọ náà dáadáa lọ́tẹ̀ yìí. Mo ní, "Mo rí ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná, tí ètè rẹ̀ gbẹ, tí kò sì sunkún nígbà tí ìyá rẹ̀ gba ọmú lẹ́nu rẹ̀."

Ó mi orí. "Èyí ni ohun tí o rí. Ibà ni ohun tí o rò. Ọjọ́ tí o bá kó méjèèjì pọ̀, o máa pa ọmọ ọlọ́mọ."

Bó ṣe rí nìyẹn fún ọdún mẹ́rin. Tó bá jẹ́ ti àyà gbígbọ́, àgàgà. Sítẹ́tò kan ṣoṣo ló wà fún àwa mẹ́fà, èyí tí à ń gbé kọ́ ọrùn tí a fi ń gbọ́ bí ọkàn ṣe ń lù. Rọ́bà rẹ̀ ti le, ó máa ń ta ni létí. Mátírọ́ọ̀nù ní a gbọ́dọ̀ fetí sí ọkàn fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Àwa ọ̀lẹ máa ń ka ààbọ̀ ìṣẹ́jú, ká wá sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Mi ò mọ bó ṣe ń mọ̀, àmọ́ ó máa ń mọ̀. Á wá sẹ́yìn ẹni wẹ́rẹ́, á ní, "Ta ló sọ fún ọ pé ààbọ̀ kejì máa jọ ti àkọ́kọ́?" Fèrèsé tún ni o.

Mo kórìíra obìnrin yẹn fún odidi ọdún kan. Lẹ́yìn ìyẹn, mo ṣàkíyèsí pé mo ti ń gbádùn ìṣẹ́jú kan náà. Ọkàn àgbẹ̀ tó ti dàgbà máa ń rọra lù, kò kánjú. Ti ọmọ tuntun máa ń sáré bí ẹni tó ti pẹ́ dé ilé ẹ̀kọ́. Mo máa ń pa ojú dé, kí n máa ṣe kàyéfì pé nǹkan tí kò ju ìkúùkù lọ yìí kò sinmi láti ìgbà tí ẹni tó ni ín ti wà nínú oyún. Nígbà tí Mátírọ́ọ̀nù fẹ̀yìn tì, èmi ni mo sunkún jù.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé mi wá sílé, sí ilé ìwòsàn kékeré tó wà ní Odode, ní Ìdànrè. Láti ibẹ̀ ni mo ti ń lọ sí Aládé ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, tí mo sì ń lọ sí Atosin ní Ọjọ́bọ̀, lórí ọ̀kadà, pẹ̀lú àpótí abẹ́rẹ́ àjẹsára lórí itan. Ìwọ̀n tí wọ́n fún wa láti fi wọn ọmọ kò lo ọdún kan kó tó bàjẹ́. Àwọn tó ń ra kòkó ní Aládé ló ń yá wa ní tiwọn. A máa ń fi ọmọ sínú àpò kòkó tó mọ́, ká gbé e kọ́, kí akọ̀wé wọn bá wa kà á sókè. Ẹ mọ̀ pé àwọn olùra kòkó máa ń yọ díẹ̀ kúrò nínú ìwọ̀n bí kòkó kò bá tíì gbẹ dáadáa. Ìyá kan wá pariwo lọ́jọ́ kan pé, "Akọ̀wé, mo ń wò ẹ́ o! Má yọ ti omi kúrò lára ọmọ tèmi!" A rẹ́rìn-ín títí ọmọ náà fi tọ̀ sínú àpò.

Mo ti lo nǹkan bí ọdún mẹ́rìnlélógún lẹ́nu iṣẹ́, mo sì ti ń rò pé mo gbọ́n, nígbà tí ọ̀rọ̀ Tọ́pẹ́ ṣẹlẹ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Tọ́pẹ́ nígbà náà. Apá Ọ̀yọ́ ni bàbá rẹ̀ ti wá, ó ń bá olóko kan ṣe oko kòkó ní ọ̀nà Atosin, wọ́n á sì pín in. Ọmọ Ìdànrè ni ìyá rẹ̀, obìnrin kan tó ń bá àwọn èèyàn sá kòkó, tí a sì jọ ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa. Gbogbo Odode ló mọ Tọ́pẹ́, nítorí bó ṣe ń kí ènìyàn.

Kì í kí ni bí àwọn ọmọ ìwòyí, tí wọ́n á tẹ orúnkún díẹ̀ bí ẹni tí ẹ̀fọn jẹ lẹ́sẹ̀, tí wọ́n á sì kọjá lọ. Bí Tọ́pẹ́ bá rí àgbà lọ́nà, ó máa ń lọ sílẹ̀ pátápátá ni. Orúnkún rẹ̀ á kan àyà, á tẹ orí ba, yẹ̀rì rẹ̀ á bo ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, kò sì ní tètè dìde. Ẹ lè kì í ní oríkì tán, kí ẹ ṣàdúrà fún un dórí àwọn ọmọ tó máa bí, á ṣì wà nílẹ̀. Ìyá àgbà kan tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa kì í gbé ẹnu kúrò lára rẹ̀. Á ní, "Ọma gidi rè é! Ọma tí a kọ́ tó gbà!" Àwọn ìyá mìíràn máa ń fi í bú àwọn ọmọ tiwọn. Ìyá rẹ̀ ò lè fi inú dídùn rẹ̀ pamọ́, kò sì sí ẹni tó lè bá a wí sí i.

Èmi gan-an ni mo dábàá nínú ìjọ pé ká fún un ní ẹ̀bùn ní ọjọ́ ìsìn àwọn ọmọdé. Ìwé kíkọ méjìlá àti ike omi pupa kan. Mo fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́ sára ìwé pé, "Ọmọ Tó Mọ Ènìyàn Kí Jù." Ó rìn láti ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì wá síwájú nínú sùtánà funfun rẹ̀, ó lọ sílẹ̀ níwájú mi, ó gba ẹ̀bùn náà, ó sì pẹ́ nílẹ̀. Gbogbo ìjọ pàtẹ́wọ́. Ẹlòmíràn ń fi aṣọ nu ojú.

Nígbà tó na ọwọ́ gba ìwé náà, mo rí i pé orí ìka rẹ̀ rí rùbùtù. Mo rí i pé ètè rẹ̀ dúdú ju ti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ. Mo rò pé bàbá rẹ̀ ló jọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà lọ ka ohun tí Mátírọ́ọ̀nù sọ fún mi, kí ẹ tó máa bá mi lọ.

Ní sáà tó tẹ̀ lé e, ilé ẹ̀kọ́ Tọ́pẹ́ fẹ́ kó àwọn ọmọ gun òkè lọ wo ìlú àtijọ́, wọ́n sì ní kí nọ́ọ̀sì kan tẹ̀ lé wọn. Èmi ni mo lọ. Ẹni tó bá mọ Ìdànrè mọ àtẹ̀gùn yẹn, ó lé ní ẹgbẹ̀ta. Àárọ̀ kùtù ni, ìrì ṣì wà lára àpáta, àwọn ọmọ ń pariwo, wọ́n ń sáré ju ara wọn lọ.

A ò tíì rìn jìnnà tí Tọ́pẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ ìkíni rẹ̀. Àwọn àlejò kan ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀, ó lọ sílẹ̀. Bàbá tó ń mú àlejò gun òkè kọjá, ó lọ sílẹ̀. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, kò sí àgbà kankan níwájú rẹ̀, ó ṣì lọ sílẹ̀. Mo rí ìyẹn náà. Mo rẹ́rìn-ín. Mo sọ fún tíṣà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pé, "Ẹ wá wo ọmọ yìí, òkè ló tún ń kí báyìí!" Òun náà rẹ́rìn-ín.

Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti lọ síwájú. Mo fi ọwọ́ kan èjìká rẹ̀. Mo ní, "Ó tó bẹ́ẹ̀, ọmọ dáadáa. Dìde, ká máa lọ."

Ó gbójú sókè wò mí. Àgbà ló ní kó dìde, ọmọ tí a kọ́ tó sì gbà ni. Ó dìde. Ó gun àtẹ̀gùn mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án, ó sì ṣubú lulẹ̀.

Ètè rẹ̀ ti di àwọ̀ aró kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo gbé sítẹ́tò lé e láyà. Láàárín ìlù kan sí èkejì, mo gbọ́ nǹkan tó ń fẹ́ fùù, bí atẹ́gùn tó ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé. Ọdún mẹ́rìnlélógún! Mo gbé nǹkan yìí kọ́rùn láàárín ìlú, mi ò gbé e lé àyà ọmọ tí mò ń fún ní ẹ̀bùn. Mo rántí ohun tí olùkọ́ kan sọ fún wa nígbà kan, pé ọmọ tí ọkàn rẹ̀ ní irú àbùkù kan láti inú oyún máa ń lósòó bí ó bá rẹ̀ ẹ́, kí ẹ̀jẹ̀ lè ráyè gba ẹ̀dọ̀fóró kọjá. Mo ká orúnkún rẹ̀ méjèèjì mọ́ àyà rẹ̀, mo dì í mú bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí mo ká a tán ni mo wá rí i pé bó ṣe ń kí gbogbo wa láti ọjọ́ yìí gẹ́lẹ́ nìyẹn.

Ó pẹ́ díẹ̀ kí ètè rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́. Ó la ojú. Ó ní, "Ẹ má bínú, Mà."

Mo ní, "Kí lo ṣe?"

"Mi ò kí wọn. Mo kàn ń sinmi ni."

"Látijọ́ yìí? Kí ló dé tí o ò sọ fún ẹnì kankan?"

Ó rò ó wò. Ó ní, "Inú yín máa ń dùn."

Tíṣà ọkùnrin kan gbé e pọ̀n sọ̀kalẹ̀. Èmi jókòó sórí àpáta, mo sunkún níwájú àwọn ọmọ ilé ìwé, mi ò tijú. Ojú ń tì mí fún ohun mìíràn.

Ní ọsibítù ńlá tí a gbé e lọ, dókítà ní ihò wà nínú ọkàn rẹ̀, ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ sì ń gbà lọ sí ẹ̀dọ̀fóró há. Ó ní bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn, kì í ṣe àfọwọ́fà ẹnikẹ́ni. Ìyá rẹ̀ ò gbà. Fún ọ̀pọ̀ oṣù ló ń bi mí pé, "Nọ́ọ̀sì, kí ni mo jẹ nígbà tí mo lóyún rẹ̀?" Ọdún mẹ́ta kọjá kí wọ́n tó rí iṣẹ́ abẹ ṣe fún un. Ìjọ gbààwẹ̀, àwọn àgbẹ̀ dáwó, àwọn oníṣẹ́ abẹ kan wá láti òkè òkun bá àwọn tiwa ṣe é. Wọ́n dí ihò náà, wọ́n la ọ̀nà tó há. Ọmọ náà jí, ètè rẹ̀ pupa, ìyá rẹ̀ sì ń na ìka sí ètè náà.

Kì í ṣe gbogbo wọn ló rí bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà ti Tọ́pẹ́ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá wọn kiri, mo sì ń rí wọn. Ọmọkùnrin kan wà ní Aládé, ọjọ́ iṣẹ́ abẹ tirẹ̀ ku oṣù méjì, kò dúró dè é. Mi ò fẹ́ sọ púpọ̀. Mi ò tíì lè gba iwájú ilé wọn kọjá kí n má yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kejì.

Irinṣẹ́ ti yí padà báyìí. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí à ń fi há ọmọ níka, á tàn, á sọ bí afẹ́fẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣe pọ̀ tó kó o tó ṣẹ́jú. Àwọn dókítà ń fi síkáànù wo inú ọkàn tó ń lù, èmi náà ti wò ó rí, ẹnu yà mí. Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí, ẹ máa gbádùn. Àmọ́ mo máa ń bi ara mi pé, ká ní ẹ̀rọ ìka yẹn wà lápò mi lọ́jọ́ ìsìn àwọn ọmọdé, ṣé ǹ bá fi há Tọ́pẹ́ níka? Ọmọ tí gbogbo ìlú ń yìn, ta ló máa yẹ̀ ẹ́ wò?

Ẹ ó rò pé ìtàn ti parí, níwọ̀n ìgbà tí ọmọ ti jí. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Nígbà tó ku ọdún méjì kí n fẹ̀yìn tì, dókítà ọmọbìnrin kan wá sí Odode pẹ̀lú àwọn fọ́ọ̀mù, ó ń wá àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n bí àìsàn ọkàn mọ́. Ó ní kí n bá òun béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ wọn. Ẹ mọ̀ mí, ìbéèrè ni oúnjẹ mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ka fọ́ọ̀mù náà, ìbéèrè inú rẹ̀ ṣàjèjì sí mi. Kò béèrè bí ọkàn ṣe ń lù. Ohun tó ń béèrè ni pé: Ṣé o ní ọ̀rẹ́? Kí ló máa ń bà ọ́ nínú jẹ́? Kí ni o fẹ́ ṣe tí o ò lè ṣe? Mo ti gún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn lábẹ́rẹ́, mi ò tíì bi ẹyọ kan nínú wọn léèrè bẹ́ẹ̀ rí.

Fọ́ọ̀mù kan wà fún ìyá, òmíràn wà fún ọmọ. Tọ́pẹ́ ti pé ọdún méjìdínlógún. Mo kọ́kọ́ bi ìyá rẹ̀. Ó ní, "Ayé rẹ̀ dáa, Nọ́ọ̀sì. Kò sí wàhálà. Kì í gbé omi, kì í gbálẹ̀, òòrùn kì í pa á. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ jágbe mọ́ ọn." Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí mo kọjú sí Tọ́pẹ́, ìyá rẹ̀ tún ń bá a dáhùn. Dókítà ti kìlọ̀ fún mi pé kí n bi ọmọ lọ́tọ̀. Mo ní, "Ìyá Tọ́pẹ́, òjò ń ṣú o, kòkó yín ńkọ́?" Òjò kankan ò ṣú. Olúwa á dárí jì mí.

Ó ku àwa méjì. Mo bi í pé kí ló máa ń bà á nínú jẹ́. Mo rò pé yóò sọ àpá tó wà láàárín àyà rẹ̀.

Ó ní, "Tí wọ́n bá ń pín iṣẹ́ nílé, Mà. Wọ́n á ní ìwọ lọ pọnmi, ìwọ lọ ra kẹrosíìnì. Tí wọ́n bá dé ọ̀dọ̀ mi, wọ́n á fò mí. Àbúrò mi ọmọ ọdún méje, wọ́n ń rán an níṣẹ́. Èmi ń jókòó. Ó dà bíi pé mo ti kú, wọn ò kàn tíì sin mí ni."

Mo wo ìwé ọwọ́ mi. Ohun tí ìyá pè ní ayé tó dáa náà ni ọmọ ń pè ní ikú.

"Kí lo wá fẹ́ ṣe?"

Ó fa Bíbélì rẹ̀ jáde, ó yọ ìwé kan nínú rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ti gbà á láti kọ́ ìmọ̀ oúnjẹ. Ó ní láti kékeré lòun ti ń wo ìyá òun tó ń sá kòkó, òun fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ di ṣokoléètì. Ilé ẹ̀kọ́ náà jìnnà, yóò máa gbé ọgbà. Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n ti ìforúkọsílẹ̀ pa, kò sì tíì sọ fún ìyá rẹ̀. Ó ní, "Tí mo bá sọ, á sunkún. Tó bá sunkún, mi ò ní lè lọ." Dókítà ti yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, ó ní kò sí ohun tó ní kó má lọ, bó bá ṣáà ń wá fi ara hàn lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Tọ́pẹ́ ní kí n bá òun sọ ọ́.

Mo bá ìyá rẹ̀ níbi tó ti ń fi ẹsẹ̀ yí kòkó lórí ẹní. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Kò dá ẹsẹ̀ dúró. Ó yí kòkó dé ìparí ẹní, ó yí i padà, lẹ́yìn náà ló tó wò mí.

Ó ní, "Ẹ̀yin náà lẹ ní kó dìde lọ́jọ́sí. Lórí àtẹ̀gùn. Ẹ ní kó dìde, kó máa lọ."

Kò tíì sọ ọ́ fún mi rí, láti ọdún mẹ́sàn-án. A jọ ń kọrin lọ́jọọjọ́ Ìsinmi.

"Ẹ̀yin náà lẹ tún wá ní kó máa lọ báyìí?"

Mo ronú pé kí n kúkú máa lọ sílé. Àmọ́ mo ní, "Òótọ́ lo sọ. Èmi ni mo ní kó dìde, mi ò sì bi í pé kí ló ń ṣe nílẹ̀. Tí mo bá bi í, ì bá ti sọ fún mi. Ìwọ ńkọ́, o ti bi í rí?"

"Bi í pé kí ni?"

"Pé báwo ni ayé ṣe rí fún un."

Ó jókòó sórí kòkó gbogbo, òun tí kì í jẹ́ kí adìẹ tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà, ó pe Tọ́pẹ́. Mo dìde kí ọmọ náà tó dé, nítorí ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe tèmi mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó wù mí kí n gbọ́ ọ ju oúnjẹ lọ. Ìyá sunkún lóòótọ́, bí ọmọ ṣe sọ. Ṣùgbọ́n nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta kí àkókò pé, mo rí àwọn méjèèjì ní gáréèjì. Tọ́pẹ́ ló gbé àpò, ìyá rẹ̀ sì ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn, ọwọ́ òfìfo, kò mọ ibi tó máa gbé ọwọ́ sí.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, bẹ́ẹ̀ ni, iṣẹ́ náà dáa. Ó dáa fún ẹni tó lè béèrè ọ̀rọ̀, tó sì lè gbọ́ ìdáhùn tí kò bá a lára mu. Ẹni tó bá ti mọ gbogbo ìdáhùn tẹ́lẹ̀, kó wá iṣẹ́ mìíràn ṣe. Ohun tó ń rò ni yóò máa rí, kò ní rí aláìsàn rẹ̀.

Ní ọdún àkọ́kọ́ tí mo fẹ̀yìn tì, ìyá Tọ́pẹ́ sáré wọ ilé mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan, fóònù lọ́wọ́, gèlè ti ṣí. Mo ti ń wo ibi tí mo kọ́ sítẹ́tò mi sí.

Mo ní, "Kí ló ṣe é?"

"Mo pè é, Nọ́ọ̀sì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pè é kó tó gbé e. Ariwo ọ̀pọ̀ èèyàn ni mò ń gbọ́ lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń pe orúkọ rẹ̀, wọ́n ní kó gbé kiní kan wá kíákíá. Mo ní, Tọ́pẹ́, ṣé àyà ò dùn ẹ́? Ṣé o ti jẹun? Ẹ mọ ohun tó sọ fún mi?"

"Kí ló sọ?"

"Ó ní, 'Màámi, ẹ jọ̀ọ́, mi ò ráyè.'" Ó jókòó sórí àga mi, ó ń rẹ́rìn-ín, omi sì ń dà lójú rẹ̀. "Ọmọ mi ò ráyè, Nọ́ọ̀sì! Wọ́n ń rán an níṣẹ́!"

Ó gbé fóònù náà lé itan. Ó bi mí pé ṣé kí òun tún pè é. Mo ní kó má pè é. A jókòó síbẹ̀, àwa méjèèjì, a ò pè é.